Kíbọ́ọ̀dù Olówó Gọbọi Délé, Kò Fọhùn!

Ohun tó yẹ kí ìyá mọ̀ kó tó kó owó àjọ lé ẹ̀rọ orin fún ọmọ

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí. Ká sọ pé ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, kò kúrò nídìí dùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá jáde ìsìn, òun ni wọ́n ń lé jáde kẹ́yìn. Ìyá ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ó gba àjọ, ó fi èrè oṣù púpọ̀ kún un, ó ní kí àbúrò òun tó mọ Èkó dáadáa sin òun dé ọjà Alaba. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù gbọọrọ kan bọ̀. Ó dúdú, ó ń dán, bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀ bí ìràwọ̀.

Wọ́n délé. Ará ilé pé jọ, aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ki wáyà bọ iná, ojú ẹ̀rọ tàn yòò. Ó gbé ìka lé e. Kẹ́kẹ́ pa! Ó tún tẹ̀ ẹ́. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan ju kọ́-kọ́-kọ́ tí ìka ń lù lára ike.

"Yéè! Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o!" Ìyá káwọ́ lérí.

Bàbá ọmọ tó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ṣé mo sọ fún ọ àbí n ò sọ? Mo ní kóo fowó yẹn ra àpò èlùbọ́ sí i. Alágbe lo fẹ́ fi ọmọ dà."

Ẹ má tíì báwọn sunkún. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ẹni tó tà á kò sì jalè. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n rà ni kò ní ẹnu tirẹ̀. Workstation ni wọ́n ń pè é. Odindi ẹgbẹ́ olórin ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò ní sípíkà lára. Àfi kí á fi wáyà so ó mọ́ amplifier tàbí sípíkà oníná, tàbí kí á fi hẹ́dífóònù sí etí, kó tó fọhùn. Wáyà kan àti sípíkà ló kù. Ṣùgbọ́n owó ti tán nílẹ̀.

Àṣìṣe ìyá yìí kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ jù. Kò béèrè kó tó rà ni. Ẹni tí í ra àgbò, ṣebí á fọwọ́ kàn án lẹ́yìn wò. Kí ló dé tí ẹ̀rọ tó wọ́n ju àgbò lọ yóò wá jẹ́ ohun à-fojú-rà?

MẸ́TA NI WỌ́N

Ẹni tí kò mọ̀ á ní gbogbo ohun tó bá ti ní eyín funfun àti eyín dúdú, kíbọ́ọ̀dù ni, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ni èyí tí àwọn atẹdùrù ń pè ní arranger. Òun ló ní ìlù àti ìbárìn nínú. Bí ọmọ bá fi ọwọ́ òsì di eyín mẹ́ta mú, ìlù á bẹ̀rẹ̀, béèsì á tẹ̀lé e, gìtá á dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sípíkà lára. Yamaha PSR àti Korg Pa wà nínú èyí tí ojú mọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti òde àríyá.

Èkejì ni workstation gan-an. Ilé iṣẹ́ orin ni. Ó ní ohùn lóríṣiríṣi, ó sì ní ibi tí ọmọ lè to orin sí ní ìlà-ìlà títí yóò fi di odindi orin. Korg M1 tó jáde ní 1988 ló sọ irú ẹ̀rọ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Eyín 61 ló ní, ìlà 8 ló lè to orin sí, ohùn 16 péré ló sì lè dún nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Korg Triton dé ní 1999, Yamaha Motif sì tẹ̀lé e ní 2001. Ní 2018 Yamaha gbé MODX jáde, èyí tó jẹ́ ti eyín 61, ti 76 tàbí ti 88.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní MIDI controller. Ẹ ṣọ́ra fún un! Ó ní eyín, ó ní bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò ní ohùn kankan nínú. Kọ̀ǹpútà ló ń yá a lóhùn. Ilé tí kò bá sí kọ̀ǹpútà, pákó lásán ló gbé wálé. Nítorí pé owó rẹ̀ máa ń kéré sí ti àwọn yòókù, òun gan-an ló máa ń wọ ìyá ọmọ lójú.

Ìbéèrè kan péré tó láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́jà: "Bí mo bá tan ẹ̀rọ yìí nílé mi, tí n kò so ó mọ́ nǹkan kan, ṣé yóò dún?" Kí wọ́n tàn án níbẹ̀, kí etí yín gbọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FI SE ỌBẸ̀ ORIN

Kí wá ni ọmọ fẹ́ fi workstation ṣe tí arranger kò lè ṣe tó? Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ kì í da epo, ata, iyọ̀ àti ẹran sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni workstation rí. Ọmọ á kọ́kọ́ lu ìlù sílẹ̀ ní ìlà kìíní. Á padà, á fi béèsì sí ìlà kejì nígbà tí ìlù ń dún. Á fi dùrù sí ìkẹta, fèrè sí ìkẹrin, títí dé ìlà 16 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Ọmọ kan á wá di akọrin 16.

Ẹ̀rọ náà kì í gba ìró sílẹ̀ nínú àwọn ìlà yìí bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ohun tí ìka ṣe ló ń kọ sílẹ̀: eyín wo ni wọ́n tẹ̀, ìgbà wo, pẹ̀lú agbára wo, àti ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ṣi eyín kan tẹ̀, eyín yẹn nìkan ni yóò tún ṣe. Bí ó bá lu orin náà yá jù, á dín eré rẹ̀ kù, ohùn kò ní tìtorí ẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí fèrè kò bá dùn níbẹ̀, á fi gìtá rọ́pò rẹ̀ láìtún orin náà lù.

Nínú ẹ̀rọ náà, agogo kan wà tó ń ka ìgbésẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń bá a rìn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ agogo láàárín ìlù Yorùbá mọ ohun tí à ń sọ: bí agogo bá ń lọ síbí, tí ìlù ń lọ sọ́hùn-ún, ariwo ni, kì í ṣe orin mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn kan ń ta ohùn gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, pé kí ọmọ kó o sínú kíbọ́ọ̀dù. Ó dára, ó ń dùn. Àmọ́ onígángan ń fún ọsán ìlù rẹ̀ ni, ohùn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ohùn kan ṣoṣo tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí eyín kan kò lè ki ẹnikẹ́ni ní oríkì. Ọmọ tó bá gbọ́n á pe àyàn wá bá a lù, kò ní lé e nílé.

BỌ́TÌNNÌ TÓ Ń TAN ỌMỌ JẸ

Ibi tó ká àwọn olùkọ́ dùrù lára jù rèé. Kíì 12 ló wà nínú orin. Akọrin kan á gbé orin ní ibi tó ga, òmíràn á gbé e ní ìsàlẹ̀. Atẹdùrù tó mọṣẹ́ á bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan wà lára kíbọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ transpose. Bí ọmọ bá mọ ojú kan ṣoṣo tí í tẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì yìí, ẹ̀rọ á bá a gbé ohùn lọ sí ibi tí akọrin wà, ìka rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú kan.

Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún un. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló mọ orin, ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ náà síwájú píánò onígi, èyí tí kò ní bọ́tìnnì kankan, ojú á tì í. Àwọn ọ̀gá náà máa ń lo transpose nígbà mìíràn, kò burú. Ohun tó burú ni kí ó di ọ̀pá ìtilẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yarọ.

Ìyá tí kò mọ dò yàtọ̀ sí mí lè yẹ ọmọ rẹ̀ wò. Kí ó ní kí ọmọ tẹ orin ìsìn kan tí gbogbo ilé mọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ìyá fi ohùn ara rẹ̀ gbé orin náà sókè díẹ̀, kí ọmọ bá a lọ. Kí ó tún gbé e sísàlẹ̀. Kí ó máa wo ìka ọmọ. Bí ìka bá sá lọ síbi bọ́tìnnì, ọmọ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Bí ó bá wá orin náà rí lórí eyín fúnra rẹ̀, kódà bó fa ẹsẹ̀ díẹ̀, ọmọ ń ṣe dáadáa.

Ẹ ronú iṣẹ́ aránṣọ wò. Ta ni í gbé ẹ̀rọ ńlá ilé iṣẹ́ fún ọmọ tí kò tíì lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́? Butterfly alọ́wọ́yí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù eyín 61 tó ní sípíkà lára tó fún un. Nǹkan méjì péré ni kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Èkíní, kí eyín rẹ̀ tóbi bíi ti dùrù gidi. Èkejì, bí a bá rọra tẹ̀ ẹ́, kí ó rọra dún. Bí a bá fagbára tẹ̀ ẹ́, kí ó ké. Èyí tó ń dún bákan náà lábẹ́ ọwọ́ líle àti ọwọ́ jẹ́jẹ́, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ píánò gidi, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò nílò eyín 88 tó wúwo lábẹ́ ìka.

Workstation ń bọ̀ wá kàn án lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ti yè, tí orin tirẹ̀ ti ń dún lágbárí rẹ̀, tó sì ń wá ibi tí yóò tò ó sí.

Ẹni tó bá ní orin kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí, kí ó wẹ̀yìn wò. Thomas Ekundayo Phillips jókòó ti dùrù Cathedral Church of Christ l'Ékòó láti 1914 títí di 1962. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, Fela Sowande tí wọ́n bí ní 1905, di atẹdùrù àti olùkọ orin tí òkìkí rẹ̀ kàn dé London. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, ohùn synthesizer wà láàárín gìtá àti gángan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí bọ́tìnnì bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

BÍ TÒKUNBỌ̀ BÁ NI

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ kàn gbé hẹ́dífóònù dání lọ, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ dùrù tẹ̀ dání. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣe gbogbo rẹ̀ fún yín. Olórin ọjà á tẹ ibi tó mọ̀ pé ó dára, á sì fo ibi tó kú.

Ẹ tẹ gbogbo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òsì dé ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀kan kíkankíkan. Èyí tí kò dún, tàbí tó ń ṣàdédé ké ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, lè jẹ́ pé ìdọ̀tí wọ rọ́bà abẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Ẹ yí bọ́tìnnì ohùn sókè sódò: bó bá ń há bí àgbàdo nínú agbada, ó ti gbó. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ bóyá dúdú ti bò ó níbì kan. Ẹ tọ́jú orin kan sínú rẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ rí i bóyá orin náà ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí ṣe kókó ju dídán lọ. Iná Nàìjíríà jẹ́ volt 230 sí 240. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti ìlú Japan jẹ́ 100. Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá tí wọ́n kọ 120 nìkan sí lẹ́yìn, bí ẹ bá kì í bọ iná ilé yín láìlo transformer, èéfín ni yóò kọ́kọ́ kọ orin. Bó bá jẹ́ oní-adaptor, ẹ gba adaptor tirẹ̀ gan-an. Kì í ṣe gbogbo èyí tí ẹnu rẹ̀ bá wọlé ló bá a mu: iye volt lè yàtọ̀, iná sì lè gba inú ẹnu adaptor kan kí ó gba ẹ̀yìn ẹnu òmíràn.

INÁ LỌ, ORIN LỌ

Àwọn oníná, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA, kì í kàn sí ni kí wọ́n tó mú un lọ. Ọmọ lè fi wákàtí mẹ́ta to orin kan, kí iná lọ, kí gbogbo rẹ̀ parẹ́. Lórí ẹ̀rọ bíi Korg Triton, orin tí a kò bá tọ́jú sórí disk kí á tó pa á ti lọ nìyẹn. Kí ọmọ kọ́ àṣà yìí láti ọjọ́ kìíní: bí ìlà kan bá ti parí, kó tọ́jú rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ń ṣe ségesège. Bó bá wúkọ́, iná á rú sókè, ẹ̀rọ lè jó. Ẹ jẹ́ kí sítábíláísà wà láàárín. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń lo bátìrì: Korg Kross eyín 61 ń jẹ bátìrì AA 6, kò sì wúwo tó kílò 5. Nílé tí iná kì í dúró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí wọ́n bá fẹ́ tan nǹkan, kíbọ́ọ̀dù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tàn, amplifier ló kẹ́yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ pa á, amplifier ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa. Èyí ni kò ní jẹ́ kí ìró "gbàà!" ya sípíkà. Bó bá sì jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ló wà, ihò tí wọ́n kọ L/MONO sí ni kí wọ́n kì í bọ̀.

MÁ KÓ GBOGBO OWÓ LÉ ORÍ PÁKÓ

Ẹni tó ń ra mọ́tò tí kò ronú epo, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn. Kíbọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ni owó ń lọ lé lórí. Àga ìgbékà wà ńbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń tẹ̀ kí ohùn lè fà wà ńbẹ̀, wáyà, hẹ́dífóònù, sípíkà, àpò tí eruku kò ní wọ̀. Lórí gbogbo rẹ̀, owó olùkọ́ wà ńbẹ̀. Bí gbogbo owó bá tó ra ẹ̀rọ ńlá láìku kọ́bọ̀, ẹ ra kékeré, kí ẹ fi ìyókù san owó ẹ̀kọ́ ọdún kan. Ọmọ tó lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ kékeré sàn ju ọmọ tí kò lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ ńlá lọ.

Bí owó kò bá sí rárá, kí ẹnikẹ́ni má yáwó èlé nítorí rẹ̀. Ẹ bá àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀, kí ọmọ máa lo dùrù wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò sí ìsìn. Ọmọ tó bá wù láti mú un ṣe iṣẹ́ gidi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON wà ní Oníkàn l'Ékòó, wọ́n ń kọ́ orin ní Yunifásítì Ifẹ̀, Polí Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin. Iwájú eyín dùrù ni wọ́n ti ń yẹ ọmọ wò. Wọn kì í béèrè iye tí ìyá rẹ̀ fi ra ẹ̀rọ.

Ó wá ku ìyá elélùbọ́ wa. Kí ni yóò ṣe? Rédíò ńlá bàbá wà ní pálọ̀, ihò AUX wà lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà kan tí owó rẹ̀ kò tó àpò èlùbọ́, tí orí rẹ̀ kan tóbi fún kíbọ́ọ̀dù, tí orí kejì bá ti rédíò mu, ni aládùúgbò tó ń tún rédíò ṣe máa bá wọn wá. Wọ́n á yí ohùn sísàlẹ̀ kí sípíkà má baà ya. Ọmọ á gbé ìka lé eyín lẹ́ẹ̀kejì, ilé á kún fún orin.

Ìyá á fọwọ́ nu ojú. Bàbá á wúkọ́, á yí àga rẹ̀ padà síbi tí orin ti ń dún.

"Tún ibẹ̀ yẹn tẹ̀ ná," ni yóò wí. "Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan bọ́tìnnì o."